Ìdí Tí Sẹ́ńsọ̀ Afẹ́fẹ́ Fi Wà Níhòòhò Ní Ọ̀fun Ẹ́ńjìnnì

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì ní ẹnu, tí táyà ń ṣépè fún òkúta, tí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ sì ń kùn bí wọ́n bá fi ìbínú gbá a dé, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ń gbé pọ̀ bí ará ilé kan náà.

Baálé ilé náà ni Ẹ́ńjìnnì. Alágbára ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì péré ló mọ̀: kó jẹun, kó sì pariwo. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Bí o bá bi í léèrè ohun tó mú un yó, yóò ní orí òun ló dára.

Ìyá Ọpọlọ, ẹni tó ń ronú fún gbogbo ilé, ló ń bọ́ ọ. Inú àpótí irin kan tí kò ní fèrèsé ni arúgbó yìí ń gbé, nítorí pé omi àti eruku kò gbọ́dọ̀ kàn án. Láti inú ibẹ̀ ló ti ń wọn bẹntiróòlù fún Ẹ́ńjìnnì, díẹ̀díẹ̀, láìsinmi. Ṣùgbọ́n bẹntiróòlù nìkan kò ṣe é jẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ po Afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, bí ẹni ń po omi mọ́ gàárì. Bí omi bá pọ̀ jù, omi lásán lò ń mu. Bí gàárì bá pọ̀ jù, yóò há ọ lọ́fun.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé Afẹ́fẹ́ kì í rí bákan náà nígbà gbogbo. Bí òtútù bá mú, Afẹ́fẹ́ a kó ara jọ, a fún mọ́ra bí àwọn ọmọ tó sùn sórí ẹní kan lásìkò ọyẹ́. Bí ooru bá dé, a tú ká, a na ẹsẹ̀, a wá àyè. Nítorí náà, ìmí kan tí Ẹ́ńjìnnì bá mí nínú òtútù pọ̀ ju ìmí kan tó bá mí nínú ooru lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀fun kan náà ni wọ́n gbà wọlé. Ti òtútù ń fẹ́ kí bẹntiróòlù lé díẹ̀. Ti ooru ń fẹ́ kí ó dín.

Ìyá Ọpọlọ kò sì rí ìta. Báwo ni yóò ṣe mọ èyí tó ń bọ̀?

Iṣẹ́ Sẹ́ńsọ̀ nìyẹn.

Sẹ́ńsọ̀ kò tóbi ju ìka ọmọdé lọ. Nígbà náà, ó ní ọwọ́, ó ní ẹsẹ̀, ó sì ní ẹnu, ẹnu náà pọ̀ ju ìyókù ara rẹ̀ lọ. Kò wọ nǹkan kan ju ìbàǹtẹ́ lọ. Ẹnu ọ̀nà tí Afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ló máa ń dúró sí, kíkí sì ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Bí Afẹ́fẹ́ bá dé, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, Afẹ́fẹ́ yóò sì fẹ́ gba orí ẹ̀yìn rẹ̀ lásán kọjá. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tutù, yóò kígbe pé, "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o." Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbóná, yóò kígbe pé, "Ẹ kú ooru o." Ìyá Ọpọlọ yóò gbọ́ ìkíni náà nínú àpótí rẹ̀, yóò sì wọn oúnjẹ bó ṣe tọ́.

Ó tán. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ sọ lè ṣe iṣẹ́ náà láìṣàṣìṣe. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyá Làmídì ló ni ọkọ̀ náà. Opó ni, ọkọ̀ yìí nìkan ni ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, òun náà ló sì ń fi í bọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Orí-Àpáta ni ìlú rẹ̀, lókè téńté, níbi tí òwúrọ̀ ti máa ń tutù débi pé àwọn àgbàlagbà ń faṣọ bo etí. Láràárọ̀ ló ń kó èrò àti ẹrù wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Odò, níbi tí oòrùn ọ̀sán kì í ti í ṣojú àánú sí ẹnikẹ́ni. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò kó wọn gòkè padà. Òtútù lókè, ooru nísàlẹ̀, ní ojúmọ́ kan náà. Nítorí pé Sẹ́ńsọ̀ ń kí Afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ, ọkọ̀ ń lọ geere.

Ní ọjọ́ kan, ọkọ̀ gun òkè délé láìwúkọ́ rárá. Ẹ́ńjìnnì yó, ó gùnfẹ̀, ó ní, "Sẹ́ńsọ̀, o ṣé o. Bí kì í bá ṣe tìrẹ, oúnjẹ òní kì bá dùn tó báyìí."

Gbólóhùn kan yìí ló ba Sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Àwọn kan wà láyé tí ìyìn kò gbọ́dọ̀ kàn lára. Bí o bá kí wọn pé o ṣé ní òwúrọ̀, kó tó di ọ̀sán wọn á ti máa wá ẹni tí yóò bá wọn gbé àga tẹ̀lé wọn.

Sẹ́ńsọ̀ lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Olómi. Inú omi tí ń mú ara Ẹ́ńjìnnì tutù ni Olómi ń gbé, òun ló sì ń sọ fún Ìyá Ọpọlọ bí omi náà ṣe gbóná tó.

"Ṣé o gbọ́ ohun tí Bàbá sọ?" ni Sẹ́ńsọ̀ wí. "Èmi ni mò ń bọ́ ilé yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, àlejò lẹ̀ ń kí," ni Olómi dá a lóhùn. "Màmá ló ń bọ́ ilé."

"Ta ló ń sọ fún Màmá ohun tí wọ́n máa wọ̀n?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹni tó ń sáré wá sọ pé oúnjẹ ti jinná kọ́ ló sè é."

Sẹ́ńsọ̀ pòṣé, ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi kì í dùn létí irú wọn.

Nísinsìnyí, ẹnì kan wà nínú ilé náà tí kì í yó. Èéfín lorúkọ rẹ̀. Bẹntiróòlù tí kò jóná tán ni oúnjẹ Èéfín, bẹ́ẹ̀ Ìyá Ọpọlọ kì í wọn kọjá bó ṣe yẹ, Ẹ́ńjìnnì kì í sì í ṣẹ́ nǹkan kù. Èéfín tinrin bí òwú abẹ́rẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá ọ̀nà tí oúnjẹ yóò fi máa ṣẹ́ kù nílé náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí òtútù Orí-Àpáta ṣì mú gan-an, ó gba ihò kékeré kan tí ikùn Ẹ́ńjìnnì fi ń mí jáde, ó yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dé ẹnu ọ̀nà Afẹ́fẹ́, ó bá Sẹ́ńsọ̀ níbẹ̀.

"Olóyè, ẹ káàárọ̀," ni Èéfín wí.

Ẹnikẹ́ni kò pe Sẹ́ńsọ̀ ní olóyè rí. Ó wo ẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ló ń kí.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, Olóyè. Ohun tí mo rí ń dùn mí. Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo atẹ́gùn tó bá ń kọjá lọ? Tẹ̀yin ti ìbàǹtẹ́?"

"Iṣẹ́ mi ni," ni Sẹ́ńsọ̀ wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Iṣẹ́ yín kọ́. Àlejò ló ń kí onílé. Ẹni tó ni ẹnu ọ̀nà, ìjókòó ló ń jókòó sí." Èéfín tú ẹrù tó gbé lọ́wọ́. Agbádá dúdú kan ni, ó nípọn, ó ń dán nítorí epo tó fi pa á. "Ẹ gbé e wọ̀."

"Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"N ò gba nǹkan kan. Ẹ ṣáà máa wọ̀ ọ́. Bí mo bá ti rí i lọ́rùn yín báyìí, ara mi á yá."

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lóun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Èéfín kò ní aṣọ kankan lọ́rùn. Kò tilẹ̀ ní ọrùn. Sẹ́ńsọ̀ kò wo ìyẹn. Ó gba agbádá, ó wọ̀ ọ́, ó ká apá rẹ̀ sí èjìká, ó wá àga, ó jókòó. Òtútù tó wà lára rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà há sábẹ́ aṣọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó dé Ìsàlẹ̀-Odò. Oòrùn mú. Afẹ́fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ooru lára, ó bá Sẹ́ńsọ̀ lórí àga, ó fi ẹsẹ̀ kan kọ́ èkejì.

"Sẹ́ńsọ̀, ṣé kò sí nǹkan?" ni Afẹ́fẹ́ béèrè. "N ò gbọ́ kí o kí mi."

"Ẹ̀yin lẹ wá bá mi nílé. Ta ló yẹ kó kí ẹnìkejì?"

"Kí wọ́n tó wa irin tí wọ́n fi rọ ọ́ jáde nínú ilẹ̀ ni mo ti ń fẹ́ kiri ayé yìí."

"Ọjọ́ orí kọ́ là ń sọ," ni Sẹ́ńsọ̀ wí. "Ipò là ń sọ."

Afẹ́fẹ́ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Àgbà ni, kò bá a jà. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ kú ìjókòó o," ó rẹ́rìn-ín, ó sì wọlé lọ.

Inú Sẹ́ńsọ̀ dùn. Ó rò pé wọ́n kí òun ni. Ẹni tí ìwà agọ̀ bá ti jókòó sí lórí, bí wọ́n bá bú u, yóò mi orí bí ọba. Ìgbà tó yá ló rántí pé Ìyá Ọpọlọ ń dúró de ọ̀rọ̀ òun. Kò dìde, kò sì mọ bí Afẹ́fẹ́ ṣe rí, torí pé aṣọ nípọn. Òtútù àárọ̀ tó há sínú agbádá nìkan ló mọ̀ lára. Ló bá kígbe láti orí àga pé, "Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o."

"Ọ̀gìnnìtìn, lọ́sàn-án gangan?" ni Ìyá Ọpọlọ wí nínú àpótí rẹ̀. "Kò burú. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló rí àlejò." Ó bu bẹntiróòlù kún un.

Ẹ́ńjìnnì gbé e mì, ó há a. Ó wúkọ́, ó gbọ̀n, ó tún gbé òmíràn mì. Púlọ́ọ̀gì tí ń dá iná sí oúnjẹ lẹ́nu tutù, ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Gbogbo ohun tí kò jóná bọ́ sọ́wọ́ Èéfín. Èéfín jẹ, ó sanra, ó yọ sí ìdí ọkọ̀ ní dúdú kìjikìji, ó bo àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà.

Bàbá kan tó gbé iṣu wọkọ̀ yọ orí síta, ó wo ẹ̀yìn. Ó ní, "Ìyá Làmídì, ṣé ọkọ̀ lẹ̀ ń wà ni, àbí ẹja lẹ̀ ń yan?"

"Ẹ ní sùúrù, bàbá," ni Ìyá Làmídì wí. "N ò mọ ohun tó ṣe é."

Wọn kò tíì gun òkè dé àárín tí bẹntiróòlù fi tán. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀. Bàbá oníṣu gbé iṣu rẹ̀ rù, ó ń ráhùn títí ó fi wọ igbó lójú Ìyá Làmídì.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọjọ́ kejì, àti ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọkọ̀ Ìyá Làmídì. Ó gbé e lọ fún àwọn tó ní àwọn mọ irin, wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, wọ́n fi tuntun sí i, tuntun náà tún dúdú. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ọkọ̀ ti gbó. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ wo ẹnu ọ̀nà. Lójú wọn, ohun tó tóbi nìkan ló lè ṣe ohun búburú.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ kú sí Ìsàlẹ̀-Odò, ní ìdí òkè, kò sì jí mọ́. Ìyá Làmídì jókòó sórí òkúta, ó sunkún. Ó ní, "Ọkọ mi ló fi ọ́ sílẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n n ò lè máa bọ́ ohun tó ń jẹ mí run, kí àwọn ọmọ mi má rí jẹ." Ó nu ojú. Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan tó máa ń ra ọkọ̀ tó ti kú, tí ń fi àáké gé wọn sí wẹ́wẹ́. Ó ní kí ó wá ní òwúrọ̀ ọ̀la.

Gbogbo ará ilé gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ẹ́ńjìnnì pe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Wọ́n fẹ́ fi àáké gé mi," ni Ẹ́ńjìnnì wí. Ohùn ńlá rẹ̀ ti di ohùn ọmọdé. "Ta ló ń fún mi ní oúnjẹ burúkú?"

Púlọ́ọ̀gì ní òun kọ́. Olómi ní omi òun kò yí padà. Èéfín fara pamọ́ sẹ́yìn, ó sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ń wo ilẹ̀. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, wọn kò mọ èyí tí inú ń run.

"Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni mo wọ̀n," ni Ìyá Ọpọlọ wí.

Ni Sẹ́ńsọ̀ bá dìde. Ó ká apá agbádá rẹ̀. "Màmá ti darúgbó," ni ó wí. "Kì í ṣe pé mò ń bú wọn o. Etí wọn ti di. Mo sọ ooru, wọ́n gbọ́ òtútù. Ẹ má jẹ́ ká fi ojú àánú pa ilé run."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Ọpọlọ wọ egungun. Òun tó ti bọ́ gbogbo wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ilé náà, ọmọ aláìbọ̀wọ̀ kan ló ń pè é ní adití.

Ẹ́ńjìnnì wo obìnrin arúgbó tó wà nínú àpótí, ó wo ẹni tó wọ agbádá. Ẹ mọ ẹni tó gbà gbọ́. "Ní òwúrọ̀," ni ó wí, "kí aláàáké tó dé, a ó gbé Màmá jù síta." Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn òmùgọ̀ ṣe ń ṣe títí di òní. Bí ọkọ̀ bá ń ṣàìsàn, ohun tó ṣòroó rà jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ dànù.

"Kò burú," ni Ìyá Ọpọlọ wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sùn ná. Ẹ jẹ́ kí ara gbogbo wa rọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó dáná, n ó bi ẹni méjì ní ìbéèrè kan. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbé mi jù."

Wọ́n gbà fún un. Wọ́n sùn. Iná kò jó lára Ẹ́ńjìnnì, Afẹ́fẹ́ kò wọlé, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní pípadé. Kó tó di òwúrọ̀, ara gbogbo wọn ti rí bákan náà bí ti àwọn ìkòkò tó sùn sínú yàrá kan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, nísàlẹ̀ òkè. Ilẹ̀ mọ́ pẹ̀lú ooru.

"Olómi, ọmọ mi," ni Ìyá Ọpọlọ wí, "báwo ni ara ṣe rí níbẹ̀ yẹn?"

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, Màmá."

"Sẹ́ńsọ̀, ìwọ ńkọ́? Báwo ni ara ṣe rí lọ́dọ̀ tìrẹ?"

Sẹ́ńsọ̀ gbé ọrùn sókè. "Ọ̀gìnnìtìn ni o. Ọyẹ́ ń jó mi dé egungun."

Oníkálukú fọwọ́ kan ara rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì pàápàá, tí kò mọ̀ ju oúnjẹ lọ, fọwọ́ kan ara rẹ̀. Ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fọwọ́ kan Púlọ́ọ̀gì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Abẹ́ òrùlé kan náà la sùn," ni Ìyá Ọpọlọ wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Kò sí ẹni tó dáná. Kò sí ẹni tó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀nà wo ni ọyẹ́ gbà wọlé wá bá ìwọ nìkan?"

"Olómi ló ń purọ́," ni Sẹ́ńsọ̀ wí. "Ó ti pẹ́ tó ti ń jowú mi."

"Bọ́ agbádá yẹn."

"Màmá, kò yẹ kí èèyàn bíi tèmi máa bọ́ra láàárín..."

Ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó na ọwọ́, ó fa agbádá dúdú náà ya láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ìbàǹtẹ́ bá a lọ. Ooru Ìsàlẹ̀-Odò bá ẹ̀yìn lásán Sẹ́ńsọ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ẹnu rẹ̀ ti là, ó ti kígbe bó ṣe máa ń kígbe láti kékeré pé, "Ẹ kú ooru o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Ẹlòmíràn tí wọ́n bá fi irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rín, yóò wá ihò wọ̀. Sẹ́ńsọ̀ ń wá agbádá rẹ̀ ni.

Ìyá Làmídì dé, ọkùnrin aláàáké tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà fi ẹ̀yìn àáké gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, ó ní irin ibẹ̀ ṣì le, yóò tà.

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó sí i díẹ̀," ni Ìyá Làmídì wí. "Mo fẹ́ dágbére fún un."

Ó wọlé, ó jókòó, ó fi ọwọ́ pa ibi tí ọkọ rẹ̀ máa ń dì mú. Ó yí kọ́kọ́rọ́. Afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ooru lára. "Ẹ kú ooru o," ni Sẹ́ńsọ̀ wí. Ìyá Ọpọlọ gbọ́, ó dín bẹntiróòlù kù. Ẹ́ńjìnnì jẹ ẹ́, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì jí.

Aláàáké sáré lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń wá èéfín, kò rí nǹkan kan. Ó dúró, ó họ orí. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ lè gbé mi dé òkè?"

"Ẹ wọlé sẹ́yìn," ni Ìyá Làmídì wí. Omijé ṣì wà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Kí ẹ di àáké yẹn mú dáadáa. Ẹ má fi ya àga mi."

Nígbà tí ọkọ̀ délé, àwọn ará abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jókòó láti dá ẹjọ́ náà. Ẹ́ńjìnnì ní kí wọ́n lé Sẹ́ńsọ̀ lọ.

"Rárá," ni Ìyá Ọpọlọ wí. "Bí a bá lé e, n ò ní mọ ohun tó ń wọlé. A nílò rẹ̀. Ohun tí a kò nílò ni ẹnu rẹ̀." Ó yíjú sí Sẹ́ńsọ̀. "O ò tún ní wọ aṣọ mọ́, títí kan ìbàǹtẹ́. O ò ní ní ẹsẹ̀ tí o fi máa wá àga kiri. Inú ọ̀fun gan-an la ó kàn ọ́ mọ́, láàárín ọ̀nà, kí gbogbo Afẹ́fẹ́ tó bá ń wọlé gba ara rẹ kọjá. A ó sì gba ẹnu rẹ."

"Bí n ò bá ní ẹnu, báwo ni n ó ṣe máa kí wọn?" ni Sẹ́ńsọ̀ béèrè. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn.

"Ìgbà tí o ní i ńkọ́, ta lo kí?"

Wọ́n wá so okùn méjì mọ́ ọn ní ìdí, okùn méjèèjì sì lọ tààrà sínú àpótí Ìyá Ọpọlọ. Ìyá Ọpọlọ yóò rán iná mànàmáná kékeré kan sí i láti ojú okùn kan, Sẹ́ńsọ̀ yóò sì fi ọwọ́ tó kù fún un dá a padà gba ojú okùn kejì. Bí òtútù bá mú un, ọwọ́ rẹ̀ á di, iná díẹ̀ ló máa kọjá. Bí ooru bá mú un, ọwọ́ rẹ̀ á là, iná púpọ̀ á kọjá. Ìyẹn nìkan ni Ìyá Ọpọlọ ń wò. Kò tún fetí sí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Nítorí pé ẹni tó ti purọ́ rí kò ṣe é fọkàn tán, wọ́n gbé iná kékeré aláwọ̀ ọsàn kan síwájú awakọ̀. Àwòrán Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n yà sí i. Wọn kò ya ti Sẹ́ńsọ̀, wọn kò kà á sí. Ní ti Èéfín, tí òórùn epo ara agbádá náà fi hàn pé òun ló hun ún, wọ́n lé e lọ sí ìdí ọkọ̀, wọ́n ní kó máa gba ibẹ̀ jáde. Ó lọ, ṣùgbọ́n kò jáwọ́. Ó ṣì ń yọ́ gba ihò kékeré yẹn wá, ó ń hun agbádá mìíràn díẹ̀díẹ̀, ó ń fi í bo Sẹ́ńsọ̀ lẹ́yìn. Sẹ́ńsọ̀ tí kò kọ́gbọ́n ń gbà á.

Láti ọjọ́ náà ni Sẹ́ńsọ̀ ti wà níhòòhò ní ọ̀fun Ẹ́ńjìnnì, tí okùn méjì so ó mọ́lẹ̀, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Bí okùn rẹ̀ kan bá já, iná kankan kò ní padà, Ìyá Ọpọlọ yóò rò pé òtútù tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ló dé, yóò sì máa da bẹntiróòlù sílẹ̀. Bí okùn méjèèjì bá fi ara kan ara, gbogbo iná ni yóò padà lẹ́ẹ̀kan náà, yóò rò pé ooru ìléru ló ń wọlé, yóò sì fi ebi pa Ẹ́ńjìnnì títí tí kò fi ní lè gun òkè. Bí agbádá Èéfín bá sì nípọn lára rẹ̀, ìròyìn àárọ̀ ni yóò máa jẹ́ lọ́sàn-án. Nígbà tí Ìyá Ọpọlọ bá já irọ́ rẹ̀, yóò tan iná aláwọ̀ ọsàn náà fún awakọ̀, yóò sì máa fi ojú inú wọn oúnjẹ títí wọn yóò fi wá tún un ṣe.

Àwọn awakọ̀ tó gbọ́n, bí wọ́n bá rí iná náà, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà, wọ́n á fọ ẹ̀yìn Sẹ́ńsọ̀ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ iná náà ló ń bí wọn nínú. Wọ́n á wá ọ̀rá dúdú tó ní àtè, wọ́n á fi lẹ̀ ẹ́ lójú pa, wọ́n á máa fèéfín bo aráyé lọ, wọ́n á ní ọkọ̀ àwọn kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ má bá wọn jà. Aláàáké mọ ilé wọn.